Ọmọ wa ò tíì pé ọdún méjì, a ń kó lọ Leeds, ta ni màá gbé e fún tí mo bá wà níbi iṣẹ́?

Ìyá Àkànkẹ́ (Ìbàdàn):

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo ń wá, pàápàá lọ́dọ̀ ẹni tó ti gbé ọmọ kékeré dé ìlú ọba tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọsibítù kan ní Leeds ti gbà mí síṣẹ́, físà ti jáde, tèmi, ti ọkọ mi àti ti ọmọ wa. Iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, màá sì ṣe OSCE, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí nọ́ọ̀sì tó wá láti òkèèrè ṣe ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo bá débẹ̀. Àkànkẹ́ máa pé ọdún méjì lóṣù karùn-ún. Látìgbà tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí mo bí i, ìyá ọkọ mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Tí mo bá ń lọ iṣẹ́ alẹ́ mo kàn máa gbé e fún mọ̀mí lÓkè-Àdó ni, ọkàn mi á balẹ̀, tí mo bá dé láàárọ̀ màá bá a lẹ́yìn wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

Ní báyìí ọ̀rọ̀ ti di mẹ́ta nínú ilé. Mọ̀mí ní ká fi ọmọ sílẹ̀ fáwọn títí ọdún kan, kí ẹsẹ̀ wa fi múlẹ̀. Ọkọ mi ní lásán ni, òun ò ní wà níbì kan kí ọmọ òun wà níbòmíì. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá fún wa ní nọ́ńbà arábìnrin kan ní Leeds tó máa ń gba ọmọ sílé ẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, mo ti bá a sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ dáa, owó tó pè ò tó ìdajì èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní kò sóhun tó jọ ìwé kankan, ká sáà máa gbé ọmọ bọ̀.

Mo gbọ́ pé ìjọba ibẹ̀ ń sanwó wákàtí ọgbọ̀n lọ́sẹ̀ fún ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó kàn wá? Àti pé Yorùbá nìkan ni Àkànkẹ́ ń sọ. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ní kí n tètè dá Yorùbá dúró kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀ kí ìyà má bàa jẹ ẹ́ tó bá dọ́hùn-ún. Mo gbìyànjú ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ńṣe lọmọ ń wò mí lójú bí ẹni pé mo ń bá a jà.

Ẹ jọ̀ọ́ báwo lẹ̀yin ṣe ṣe é?


Alẹ́ Ò Sùn (nọ́ọ̀sì, Bradford):

Ẹ kú oríire físà o. Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn ni mo wà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin tèmi jẹ́ ọdún kan àtoṣù mẹ́wàá nígbà yẹn, nítorí náà mo mọ bó ṣe ń ṣe yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti máa kọ́kọ́ dùn yín. Gbogbo èèyàn ló máa sọ̀rọ̀ owó fún yín, owó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Iṣẹ́ ọ̀sán ní wọ́ọ̀dù wa bẹ̀rẹ̀ láago méje ààbọ̀ àárọ̀, ó di aago mẹ́jọ alẹ́. Ilé jẹ́lé-ó-sinmi tí mo rí, aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Ẹ rò ó wò. Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn fún mi, ó yẹ kí n ti wà ní wọ́ọ̀dù tí àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń fa aláìsàn lé mi lọ́wọ́, ìgbà tí wọ́n bá sì ń tì í ó ṣì ku wákàtí méjì kí n ṣíwọ́. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ gbọ́mọ wọ́n máa bu owó lé e, wọ́n sì ń ka ìṣẹ́jú.

Ohun tá a kọ́kọ́ ṣe ni pé ọkọ mi gbàṣẹ́ alẹ́ ní wèháòsì, kó lè jẹ́ pé tí mo bá jáde láàárọ̀ òun ló máa wà pẹ̀lú ọmọ. Lójú wa ó jọ ọgbọ́n. Ó máa dé pẹ̀lú oorun lójú, kò ní lè sùn torí ọmọ ti jí, ọmọ á máa sáré kiri, bàbá á jókòó síbẹ̀ tójú ń pọ́n. A ṣe é fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan oorun gbé e lọ lórí àga, ọmọ ṣílẹ̀kùn, ará ilé kejì ló bá a lórí àtẹ̀gùn ó fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú títì. Ọlọ́run ló yọ wá. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn débi pé mo sọ fún ọkọ mi pé ká máa lọlé.

Ohun tó gbà wá ni ìwé tí mo kọ sí máníjà mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọjọ́ má máa yí, Sátidé àti Sọ́ńdè kó wà nínú ẹ̀ torí ọkọ mi wà nílé lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i, mo rò pé àlejò ò gbọdọ̀ béèrè nǹkan. Látọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti sọ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ téèyàn bá débi iṣẹ́ ló ti lè béèrè pé kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ òun padà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún un lésì láàárín oṣù méjì. Wọ́n lè kọ̀ o, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀. Ẹ má dúró kí nǹkan bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Ẹ tiẹ̀ ti lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn báyìí kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní ọmọ kékeré, kẹ́ ẹ béèrè bóyá ọsibítù yẹn ní ilé ìtọ́jú ọmọ tiẹ̀, torí àwọn kan ní in, àwọn bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè ṣí.

Childminder la wá gbé ọmọ fún níkẹyìn, obìnrin ará Pakistan kan tó ń tọ́jú ọmọ nínú ilé ara ẹ̀, tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn lóṣù. Ó dùn mí gan-an nígbà àkọ́kọ́ tí owó yẹn kúrò nínú owó oṣù mi.


Tóyìn_NL:

Mọ̀mí ni kẹ́ ẹ fi físà ìbẹ̀wò mú dání jàre, oṣù mẹ́fà, tí wọ́n bá lọ kí mọ̀mí tẹ̀yin náà wá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè tọ́jú ọmọ bí ìyá àgbà.


Agbẹjọ́rò Kékeré (Manchester):

Ẹ jọ̀ọ́ Tóyìn, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká sọ èyí dáadáa kí wọ́n má bàa kó sí wàhálà.

Òfin ò ní kí ìyá àgbà má wá wo ọmọ-ọmọ ẹ̀ o. Físà ìbẹ̀wò máa ń fún wọn láyè oṣù mẹ́fà, wọ́n sì lè bá yín mójú tó ọmọ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín, bó bá ṣáà ti jẹ́ ìbẹ̀wò ìgbà díẹ̀ tí kò sì sí owó iṣẹ́ nínú ẹ̀. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni kí èèyàn máa fi ìbẹ̀wò gbé ìlú: kó lo oṣù mẹ́fà, kó lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tún padà. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè dá màmá padà ní pápákọ̀ òfurufú, físà tó kàn sì lè dèèwọ̀. Mo ti rí màmá ẹni àádọ́rin ọdún tí wọ́n jókòó tì fún wákàtí mẹ́jọ ní àyẹ̀wò torí pé nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló wá ṣe, ó ní òun wá ṣiṣẹ́ ọmọ títọ́. Bí àwa ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, ṣùgbọ́n létí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè, iṣẹ́ ti di iṣẹ́.

Ti owó ìjọba wá ńkọ́. Wákàtí ọgbọ̀n yẹn wà lóòótọ́, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n ti ń fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní England látìgbà tọ́mọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọ̀kan nínú òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ wo ìwé físà yín, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé no recourse to public funds, ìyẹn ni pé ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Tó bá ti wà lára tẹ̀yin àti ti ọkọ yín, wákàtí ọgbọ̀n ò kàn yín, Tax-Free Childcare, níbi tí ìjọba ti ń fi £2 kún gbogbo £8 tí òbí bá san fún ìtọ́jú ọmọ, náà ò kàn yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi orúkọ sílẹ̀ fún un, ó lè ṣàkóbá fún ìwé yín lẹ́yìn ọ̀la.

Ohun tó kàn yín ni wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní England, wọn ò béèrè ìwé ìgbélùú òbí fún ìyẹn. Kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tọ́mọ bá pé mẹ́ta o, táàmù tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni. Àkànkẹ́ tí ọjọ́ ìbí ẹ̀ jẹ́ oṣù karùn-ún, oṣù kẹsàn-án ọdún tó bá pé mẹ́ta ló máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún ni wọ́n fi ń ka wákàtí yẹn, wọn kì í kà á mọ́ àsìkò ìsinmi. Ìyẹn ni pé láti oṣù kẹrin tẹ́ ẹ bá dé, oṣù mẹ́tàdínlógún lẹ máa fi dá owó san. Ẹ jókòó ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ọ̀nà kan tún wà fún ọmọ ọdún méjì: àwọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ lè gba wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tówó tó ń wọlé fún wọn bá kéré. Fún ẹni tó ní ọmọ kan tí kò gbé ní London, owó tó ń wọlé fún ìdílé lọ́dún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí kò gbọdọ̀ ju £26,500 lọ, owó tó wà nípamọ́ kò sì gbọdọ̀ ju £16,000. Tí ọkọ yín bá ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó dájú pé ẹ máa kọjá a. Ṣùgbọ́n ní oṣù bí i mélòó kan tí kò bá tíì ríṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù Leeds, ọ̀dọ̀ wọn lèèyàn ti ń gba fọ́ọ̀mù.


Bàbá Àgbà Ìjẹ̀bú:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròyé. Mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, mi ò kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ níbí, àmọ́ mo rí ibi tí ìyá ọmọ yìí ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa ń gbọmọ láìsí ìwé, mo ní kí n sọ ohun tójú tèmi rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá ọkọ ẹ̀ lọ sí London lọ́dún 1961. Ọkọ ń kọ́ òfin, ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, òtútù, onílé ò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọdé rárá. Wọ́n bímọ ọkùnrin lọ́dún 1963. Nígbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó lọ kàwé ń ṣe ni pé wọ́n á fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Nursery World, pé àwọn ń wá ìyá tó máa bá àwọn gba ọmọ tọ́, òyìnbó obìnrin kan ní Kent tàbí létí òkun á kọ̀wé padà, wọ́n á gbé ọmọ lọ síbẹ̀, wọ́n á máa fowó ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa lọ kí i nígbà tí àyè bá yọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ jọjọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ o. Nílé wa, èèyàn ń gbọ́mọ fún ìbátan tọ́, ọmọ á sì mọ ilé. Wọ́n rò pé bákan náà ni. Wọn ò mọ̀ pé òyìnbó tó gba ọmọ yẹn, kò sí ẹbí láàárín wọn, kò sí ẹni tó lè pè é sẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń yọjú wò ó.

Àbúrò mi yẹn, mo ń pè é lábúrò torí pé ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni mo fi jù ú, ọmọ oṣù márùn-ún ni wọ́n gbé e lọ, ọdún mẹ́jọ ló fi wà lọ́hùn-ún. Ìyá olóyìnbó yẹn ò ṣe é níkà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọdún 1971 ni wọ́n kó dé sí Ìjẹ̀bú. Ìyá wa jáde láti gbá a mọ́ra, ó ń ki oríkì ẹ̀, ọmọ bú sẹ́kún, ó sá lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó ń pe orúkọ obìnrin tó wà ní Kent. Ìyá wa dúró síbẹ̀ tọwọ́ wọn ṣì nà síta. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Àgbàlagbà ni lónìí, ó ní ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá nínú ilé, ó máa ń dìde kúrò ni.

Mo mọ̀ pé ayé ti yí. Wọ́n sọ fún mi pé òfin ọdún 1989 wọn ti wà báyìí, pé tí ọmọ bá fi máa wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tó sún mọ́ ọn fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, dandan ni kí káńsù gbọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyá Àkànkẹ́, tó bá jẹ́ pé ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ yín fún oṣù díẹ̀, ilé ẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ọdún kan, torí ọmọ ọdún méjì, ọdún kan lójú ẹ̀, ìdajì ayé tó mọ̀ ni.


Ìyá Ìbejì Glasgow:

Bàbá, omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé gan-an.

Ìyá Àkànkẹ́, tó bá jẹ́ Scotland lẹ wá ni, òfin yàtọ̀ o, ibi wa wákàtí 1,140 lọ́dún ni wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, torí náà ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń ka ohun táwọn èèyàn kọ, ẹ wò ó bóyá England ni wọ́n ń sọ.


Àǹtí Nọ́sìrì (Leeds):

Ẹ kú alẹ́ o. Ilé jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds níbí, ó ti ń lọ sí ọdún méje, yàrá àwọn ọmọ tí kò tíì pé méjì ni mo wà. Mo ka gbogbo ẹ̀, mo ní ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí láti inú.

Ti arábìnrin yẹn kọ́kọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n, ó lè jẹ́ èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ní England tó bá ń gba owó láti tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé ara ẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Ofsted, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ibi ìtọ́jú ọmọ, tàbí pẹ̀lú iléeṣẹ́ childminder tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ̀. Tó bá ní, ẹ máa rí ìjábọ̀ tí wọ́n kọ nípa ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Tí kò bá ní, kò sẹ́ni tó ti wo ilé ẹ̀ bóyá iná ìdáná jìnnà sọ́mọ, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní ẹ̀sùn ọ̀daràn, kò sì sẹ́ni tó ń ka iye ọmọ tó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Childminder tó forúkọ sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n gbà á láyè láti máa tọ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ilé kan tí mo gbé ọmọ ọ̀rẹ́ mi lọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mẹ́sàn-án ni mo kà nínú pálọ̀ kan, gbogbo wọn dojú kọ tẹlifísọ̀n, ìlédìí ẹlòmíì ti wúwo. Owó yẹn kéré lóòótọ́. A ò padà síbẹ̀.

Ẹ má sanwó síbì kankan látorí fóònù kẹ́ ẹ tó rí i. Ìlà tí wọ́n ń tò láti rí àyè gùn, pàápàá fún ọmọ tí kò tíì pé méjì, torí àgbà kan ò gbọdọ̀ ju ọmọ mẹ́ta lọ. Tó bá ti pé méjì, àgbà kan lè mójú tó ọmọ márùn-ún, àyè á túbọ̀ yọ, owó náà sábà máa ń dín díẹ̀. Àkànkẹ́ máa pé méjì lóṣù karùn-ún, iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin. Mo rò pé ẹ rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí bàbá ẹ̀ àti òun bá lè fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dúró sẹ́yìn lọ́dọ̀ mọ̀mí, kẹ́ ẹ̀yin lọ kọ́kọ́ ṣe OSCE yín, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rin ilé mẹ́ta mẹ́rin wò, ó máa rọ̀ yín lọ́rùn lọ́nà púpọ̀. Káńsù Leeds ní ọ́fíìsì tó máa ń fún àwọn òbí ní orúkọ gbogbo ilé ìtọ́jú ọmọ àti childminder tó wà ládùúgbò, ọ̀fẹ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé jẹ́lé-ó-sinmi kan, ẹ má wo àwòrán ara ògiri. Ẹ dé láàárín aago mọ́kànlá sí méjìlá ọ̀sán tí àwọn ọmọ ń jẹun tó sì ti ń rẹ̀ wọ́n, ìgbà yẹn lẹ máa rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọmọ tó ń sunkún. Ṣé ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í ni àbí wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀? Ẹ béèrè ta ni key person ẹ̀ máa jẹ́, òfin ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan pàtó tó ń mójú tó o. Ẹ béèrè pẹ̀lú bí òṣìṣẹ́ ṣe ń pẹ́ sí lọ́dọ̀ wọn, torí tí ojú bá ń yí lóṣooṣù, ọmọ yín á máa bẹ̀rẹ̀ ẹkún látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Àìsàn: ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọfìnkìn, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ múra sílẹ̀. Tọ́mọ bá bì tàbí tó ṣe ìgbẹ́ gbuuru, kò gbọdọ̀ padà wá títí wákàtí méjìdínláàádọ́ta á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó ṣe kẹ́yìn, ẹ ó sì san owó ọjọ́ yẹn. Èyí ló ń mú àwọn nọ́ọ̀sì wa sunkún jù. Òfin fún yín láyè láti kúrò níbi iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ṣẹlẹ̀ lójijì, àmọ́ wọn ò ní dandan láti sanwó ọjọ́ náà. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, ẹ mú un dání nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n máa gbé sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ má di oúnjẹ tó ní ẹ̀pà fún un o, torí àwọn ọmọ tí ẹ̀pà lè pa. Bó ti wù kí ẹ̀pà náà kéré tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èdè, èyí ló tiẹ̀ mú mi wá síbí. Ìyá Àkànkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá Yorùbá dúró. Ọmọ ọdún méjì tó bá wọ àárín àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ó ti ń gbọ́ ọ, mo rí i lójoojúmọ́, ọmọ Poland, ọmọ Romania, ọmọ Lárúbáwá, gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó nílò kí ìyá wọn kọ́ wọn. Èyí tí kò sẹ́lòmíì tó lè fún wọn ni tilé. Ìlànà tí àwa olùtọ́jú ọmọ ń tẹ̀ lé ní England gan-an sọ ọ́ pé a gbọ́dọ̀ sapá kí ọmọ tí èdè ilé ẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì lè máa lo èdè náà níbi eré àti ẹ̀kọ́. Torí náà ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ojú rere.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn òbí ṣe nìyí: ẹ mú bébà kan, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tọ́mọ yín ń sọ sí i, bó ṣe ń pè é gan-an, kì í ṣe bí àgbà ṣe ń pè é, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tó túmọ̀ sí síwájú ẹ̀ fún wọn. Ọmọ Yorùbá kan wà tó wá sí yàrá wa, ó ń sọ “mumu, mumu” látàárọ̀, èmi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ìyá ẹ̀ ló ń pè, wọ́n ń gbé e mọ́ra, wọ́n ń tù ú nínú. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Wákàtí mẹ́ta.


Alẹ́ Ò Sùn:

Háà. Mumu. Tèmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀ o, mi ò tiẹ̀ rò ó rí.


Ìyá Àkànkẹ́:

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá wa fún ọkọ mi àti mọ̀mí létí, mọ̀mí ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn fa Àkànkẹ́ mọ́ra. Nígbà tó yá wọ́n ní kì í ṣe ọdún kan mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ti tó.

Nítorí náà ohun tá a ti fẹnu kò sí nìyí. Èmi máa ṣáájú lọ. Ọkọ mi àti ọmọ á dúró ti mọ̀mí, wọ́n á wá bá mi lẹ́yìn ọjọ́ ìbí ẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọsibítù láàárọ̀ yìí nípa ọjọ́ iṣẹ́ tí kì í yí, mo sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ní ibi ìtọ́jú ọmọ. Mo béèrè nọ́ńbà Ofsted lọ́wọ́ arábìnrin yẹn. Kò dá mi lóhùn látàná, ó sì ti rí i. Mi ò ní pè é mọ́. Ọkọ mi ń ṣírò owó tá a máa dá san yẹn lórí bébà, ó ní ọkọ̀ tá a fẹ́ fi sílẹ̀ nílé, ká tà á.

Mo ti ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn náà. Mumu, omi. Pápá, ẹja, bọ̀ǹgà ló kọ́kọ́ jẹ, mi ò mọ ibi tó ti rí pápá. Jíjẹ, oúnjẹ èyíkéyìí. Ìí, ó fẹ́ tọ̀. Yàyá, mọ̀mí. Ó ti di mẹ́tàdínlógójì.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Tí oorun bá ń kùn ún, kì í sunkún, á kàn wá dúró sẹ́yìn èèyàn, á gbé orí lé e nídìí, á ní “pọ̀n mi”. Kò sùn lọ́sàn-án rí láìsí pé ó wà lẹ́yìn ẹnì kan. Àǹtí Nọ́sìrì, kí ni kí n kọ síwájú ìyẹn?


Àǹtí Nọ́sìrì:

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Síwájú ẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé oorun ń kùn ún, àti pé ẹ̀yìn èèyàn ló ti ń sùn. A kì í pọ̀n wọ́n níbí, wọ́n máa ń sùn lórí ìbùsùn kékeré nílẹ̀, ó sì máa sunkún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n máa rọra lu ìdí ẹ̀ pẹ́pẹ́, bí ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá àgbà. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí mọ̀mí fún un ní ìró kan tí wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n, ẹ má fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá, kí òórùn ilé wà lára ẹ̀. Wọ́n á gbà á láyè, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń mú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá.

Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ béèrè fún settling-in, ìyẹn ni kẹ́ ẹ̀yin tàbí bàbá ẹ̀ jókòó tì í níbẹ̀ fún wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ jáde fún ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, títí á fi mọ́ ọn lára. Ẹ má yọ́ lọ láì dágbére fún un o, kódà tó bá máa sunkún.

Tẹ́ ẹ bá ti dé Leeds, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níbí. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa lẹ rí àyè sí, mo mọ “pọ̀n mi”.